Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí "Àwọn Apèéṣẹ́", Àwòrán Tí Millet Yà Ní 1857

Gbogbo ìgbà tí a bá fi àwòrán yìí han ènìyàn ni àwọn ìbéèrè kan náà ń padà wá. A tò wọ́n síbí, láti orí èyí tó rọrùn títí dé orí èyí tó ta kókó.

Àwòrán wo gan-an là ń sọ?

Àwòrán obìnrin mẹ́ta nínú oko tí wọ́n ti kórè tán. Méjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkẹta ń nàró díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ṣa ìwọ̀nba ṣírí ọkà tí àwọn olùkórè fi sílẹ̀. Jean-François Millet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á, Paris ló sì ti fi í han gbogbo ènìyàn lọ́dún 1857.

*Des glaneuses* ni orúkọ tó fún un. Lédè Faransé, "àwọn apèéṣẹ́ kan" nìyẹn, kì í ṣe "àwọn apèéṣẹ́ náà". Obìnrin mẹ́ta kan ṣáá, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè orúkọ wọn. Lójú tèmi, inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ohun tó wà lọ́kàn ayàwòrán náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni èéṣẹ́?

Èéṣẹ́ ni irè tó ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí olóko ti kó tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣà á ló ń pèéṣẹ́. Inú Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà: ìwé Léfítíkù, orí 19, ló ti pàṣẹ fún olóko pé kó má ṣe kórè igun oko rẹ̀ tán, kó má sì pèéṣẹ́ ìkórè rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò.

Àwọn kan máa ń pe àwòrán yìí ní "àwọn obìnrin tó ń kórè". Àṣìṣe ni, ó sì ba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Olóko ló ń kórè, tàbí ẹni tó gbà síṣẹ́. Ẹni tí kò ní oko, tí kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n san owó iṣẹ́ fún, òun ló ń pèéṣẹ́.

Ọkà wo ni wọ́n ń ṣà?

Àlìkámà ni, èyí tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe búrẹ́dì.

Ta ni Millet?

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1814 ní Gruchy, abúlé kékeré kan létí òkun ní agbègbè Normandy. Ó bá bàbá rẹ̀ roko, ó gbin ọkà, ó sì kórè, kó tó di pé àwọn ará ilé rẹ̀ rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ àwòrán. Ó kọ́ṣẹ́ ní Cherbourg, ìlú náà sì fún un ní owó ìrànwọ́ láti lọ kọ́ sí i ní Paris lọ́dún 1837, lọ́dọ̀ Paul Delaroche.

Paris kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú ní 1844. Lọ́dún 1849, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà ní Paris, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí abúlé Barbizon, ibẹ̀ ló sì gbé títí tó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875. Ọmọ mẹ́sàn-án ni òun àti Catherine Lemaire bí, ọ̀pọ̀ ọdún ni owó sì fi ṣọ̀wọ́n nínú ilé náà.

Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ń wo àwòrán yìí. Millet mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Níbo ni oko yìí wà?

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Chailly, nítòsí Barbizon, létí igbó Fontainebleau, ní gúúsù ìlà-oòrùn Paris. Àwọn ayàwòrán bíi Théodore Rousseau, Diaz àti Daubigny náà máa ń wá síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ Barbizon. Igbó, igi àti omi ló ká ọ̀pọ̀ nínú wọn lára. Ènìyàn ló ká Millet lára.

Kì í ṣe inú oko ló gbé ọ̀dà rẹ̀ kalẹ̀ sí. Á rìn lọ wò, á fi pẹ́ńsù ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó rí, á sì padà sílé lọ yà á. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi ń yí ọ̀rọ̀ apèéṣẹ́ yìí po kó tó parí èyí tí gbogbo ayé mọ̀.

Báwo ló ṣe tóbi tó?

Kò tóbi. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.5, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 110, bíi tábìlì kékeré kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé yóò gba ògiri kan tán. Ìdí tí wọ́n fi ń rò bẹ́ẹ̀ ni pé Millet mú àwọn obìnrin náà sún mọ́ wa gan-an, ó sì fún wọn ní ìwúwo bí ère tí wọ́n gbẹ́ lára òkúta.

Kí ni òróró ń ṣe nínú ọ̀dà rẹ̀?

Àwọ̀ lílọ̀ kúnná ni wọ́n ń fi òróró pò, òróró tí wọ́n fún lára hóró ewéko ọ̀gbọ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń lò. Òróró yìí kì í tètè gbẹ. Ayàwòrán lè padà sí ibi kan lọ́la tàbí lọ́túnla, kó dà á pọ̀, kó tún un ṣe, kó fi àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀. Bí Millet ṣe rí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn mú nìyẹn, èyí tó dà bíi pé eruku oko wà nínú rẹ̀. Aṣọ líle tí wọ́n nà mọ́ férémù igi ló yà á sí.

Kí ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ẹni àkọ́kọ́, tó fi aṣọ búlúù wérí, ti bẹ̀rẹ̀ tán. Ó na ọwọ́ kan sílẹ̀, ó sì ká ìkejì sẹ́yìn, ibẹ̀ ló di ìdìpọ̀ ṣírí tó ti ṣà mú sí. Ẹni tó bá ti ṣa nǹkan nílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan mọ ìdí tí ọwọ́ fi ń lọ sí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀.

Ẹni àárín fi aṣọ pupa wérí. Ìka rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ó ń mú ṣírí kan. Ẹni kẹta, lápá ọ̀tún, ń gbìyànjú láti nàró, kò sì tíì nàró tán. Ó ń wo ilẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú, ẹ dìde, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣe kan ṣoṣo ni, Millet pín in fún ara mẹ́ta, gbogbo ọjọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kúrò níbi ọwọ́ wọn. Ó nípọn, ó dúdú, ìka rẹ̀ wú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sórí ọwọ́, èjìká àti ẹ̀yìn wọn, àwọn ibi tó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Kí ló wà lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn wọn?

Ìkórè gidi. Òkìtì ọkà ńláńlá, ìtí lórí ìtí, kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kún àkúnya, ọ̀pọ̀ olùkórè tí wọ́n ń dì tí wọ́n sì ń gbé, àti àwọn òrùlé abúlé. Gbogbo rẹ̀ kéré, ó sì ń tàn nínú ìmọ́lẹ̀ wúrà.

Ẹ wo apá ọ̀tún dáadáa, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ lórí ẹṣin. Alábòójútó ni, ẹni tó ń ṣojú onílẹ̀. Bíńtín ni, èékánná lè bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́gán tí ẹ bá ti rí i ni oko náà yí padà lójú yín: ilẹ̀ yìí ní olúwa, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ.

Ohun mìíràn tún wà. Ìlà ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ ga nínú àwòrán náà, àwọn obìnrin náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni kẹta nìkan ni orí rẹ̀ kàn án. Ilẹ̀ ló yí wọn ká.

Ṣé olè ni wọ́n ń jà?

Rárá o. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Òfin kan tí ọba Henri II ṣe lọ́dún 1554 ti gba àwọn arúgbó, aláìlera, ọmọdé àti aláìní láàyè láti pèéṣẹ́ nígbà tí olóko bá ti kó irè rẹ̀ lọ tán. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ńlá ti 1789, wọn kò fa ẹ̀tọ́ yìí tu. Òfin ìjìyà ọdún 1810 sì tún ààlà rẹ̀ fà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pèéṣẹ́ nínú oko tí wọn kò tíì kó tán, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ pèéṣẹ́ kí oòrùn tó yọ tàbí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀. Ẹni tó bá rú u yóò san owó ìtanràn.

Ìdí nìyẹn tí alábòójútó orí ẹṣin fi wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ fi ní ìtumọ̀ ju ẹwà lọ. Oòrùn ń lọ. Bó bá wọ̀, ẹ̀tọ́ wọn ti parí fún ọjọ́ náà.

Ṣé Rúùtù ni ọ̀kan nínú wọn?

Nínú èyí, rárá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, nítorí Millet ti kọ́kọ́ fẹ́ ya Rúùtù, apèéṣẹ́ inú Bíbélì, àti Bóásì, olóko tó ṣe é lóore. Àwòrán náà ló fi hàn ní Paris ní 1853 pẹ̀lú àkọlé *Le Repos des moissonneurs*, ìyẹn ìsinmi àwọn olùkórè, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Boston ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí. Nínú rẹ̀, Bóásì mú obìnrin apèéṣẹ́ kan wá síwájú àwọn olùkórè tó ń jẹun.

Ní 1857, Bóásì ti lọ. Kò sí ẹni tó pe àwọn mẹ́ta yìí wá jẹun. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ já díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ka ìwé Rúùtù dáadáa á rí ibi tó ṣófo yẹn.

Kí ló dé tí inú fi bí àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n rí i?

Nítorí ọjọ́ tó jáde. Ọdún 1848 ni àwọn aráàlú dìde ní Paris tí wọ́n lé ọba kúrò lórí oyè, wọ́n sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ní 1857, Napoléon III ló wà lórí ìtẹ́, ẹ̀rù àwọn tálákà kò sì tíì kúrò lára àwọn olówó. Salon, ìpàtẹ àwòrán tí ìjọba ń ṣàkóso, ni Millet gbé obìnrin mẹ́ta yìí lọ, níwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Paul de Saint-Victor, tó máa ń kọ̀wé lórí àwòrán, pè wọ́n ní àwọn Parques mẹ́ta ti ìṣẹ́. Parques ni abo òrìṣà mẹ́ta tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbà pé wọ́n ń ran òwú ẹ̀mí ènìyàn tí wọ́n sì ń gé e. Ẹlòmíràn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn *Le Figaro* pé lẹ́yìn àwọn obìnrin yìí, òun rí ọ̀kọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ àti àtẹ́gùn ibi tí wọ́n ti ń bẹ́ni lórí ní 1793. Obìnrin mẹ́ta tó ń ṣa ọkà! Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn òǹwòran ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan gbèjà Millet ṣá, Castagnary, tí òun náà máa ń kọ̀wé lórí àwòrán, wà lára wọn.

Ìdí kejì jẹ mọ́ àṣà iṣẹ́ náà. Ìtàn Bíbélì, òrìṣà Gíríìkì, ọba àti ogun ni wọ́n gbà pé ó yẹ kí ayàwòrán fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ yà. Tálákà lè wà nínú àwòrán, bó bá kéré, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Millet fi ọ̀wọ̀ ọba ya apèéṣẹ́.

Ṣé Millet ń ṣe òṣèlú ni?

Ó ní òun kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n pè é ní sósíálíìsì lórí *L'Homme à la houe*, àwòrán ọkùnrin tó fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó kọ̀ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya òkìtì ọkà ńlá sí ọ̀ọ́kán, tó sì ya ẹ̀kúnwọ́ ṣírí mélòó kan sí iwájú, ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan tàbí kò sí.

Mo rí àwòrán apèéṣẹ́ mìíràn tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ dúró ṣanṣan. Ṣé Millet náà ló yà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ *Le Rappel des glaneuses* ti Jules Breton, ayàwòrán mìíràn, tó jáde ní 1859. Oòrùn ń wọ̀, ẹ̀ṣọ́ oko ń ké sí àwọn obìnrin pé àkókò ti tó, wọ́n sì ń bọ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ bí ẹni tó ti òde bọ̀. Ìjọba Napoléon III ra èyí. Àwòrán tó dára ni, mi ò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn àti ẹ̀yìn àwọn obìnrin Breton: kò sí èyí tó jọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀.

Ṣé òun náà ni *L'Angélus*?

Rárá, àmọ́ ẹnì kan náà ló yà wọ́n, láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn. *L'Angélus* ni ti ọkùnrin àti obìnrin tó dúró nínú oko ànàmọ́, tí wọ́n tẹrí ba gbàdúrà nígbà tí aago ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ìyá bàbá Millet ló máa ń dá òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti gbàdúrà fún àwọn tó ti kú. Thomas Gold Appleton, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, kò sì wá gbé e.

Ní ti pósí ọmọ tí wọ́n ní ó wà lábẹ́ agbọ̀n inú rẹ̀, Salvador Dalí, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Spain, ló tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwòrán náà wò pẹ̀lú ẹ̀rọ X-ray, wọ́n rí ohun dúdú kan tó ní igun níbẹ̀. Pé pósí ni, Dalí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èló ni Millet rí gbà lórí *Àwọn Apèéṣẹ́*?

Ó fẹ́ 4,000 fránkì. 3,000 ló gbà níkẹyìn, kò sì fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé owó náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Ní 1889, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, 300,000 fránkì ni wọ́n tà á. Madame Pommery, obìnrin oníṣòwò wáìnì Champagne ní Reims, ló rà á, òun náà ló sì fún ilẹ̀ Faransé.

*L'Angélus* lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lé ní 550,000 fránkì lọ́dún 1889 kan náà. Nínú gbogbo èrè yẹn, kọ́bọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ ìdílé Millet. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣòfin ní 1920 pé bí wọ́n bá tún iṣẹ́ ọnà tà, ayàwòrán tàbí àjogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìpín.

Ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé wa. Ṣé ó lówó lórí?

Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, kò lówó lórí ju férémù rẹ̀ lọ. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: bí ẹ bá rí àmì tótòtó wẹ́wẹ́ tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni.

Ṣùgbọ́n Millet fúnra rẹ̀ fín apèéṣẹ́ sára àwo irin ní nǹkan bí 1855 sí 1856, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Èyí kò ní ju àwọ̀ kan lọ, etí àwo irin náà sì máa ń tẹ ìwé wọnú yí àwòrán ká. Bí tiyín bá rí báyìí, ẹ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè tẹ àwòrán náà sínú ìwé tàbí sára aṣọ láìgba àṣẹ ìdílé kankan, nítorí ó ti pẹ́ tí àkókò ẹ̀tọ́ ayàwòrán ti tán lórí rẹ̀.

Níbo la ti lè rí ojúlówó rẹ̀?

Ní Musée d'Orsay, Paris, etí odò Seine. Ibùdókọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀; 1986 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé àwòrán. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń yá ilẹ̀ mìíràn ní àwòrán, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó wọkọ̀. *L'Angélus* àti àwòrán Breton tí a sọ lókè wà nínú ilé kan náà.

Kí ló dé tí kò jẹ́ ká rí ojú wọn dáadáa?

Àwọn kan ní ńṣe ló sọ wọ́n di ẹni tí kò ní orúkọ, bíi màlúù inú pápá. Mi ò gbà. Ẹni tó ń pèéṣẹ́ kì í gbójú sókè, torí ilẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí Millet bá yí ojú ọ̀kan sí wa, yóò ti dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí tiwa, àánú ni yóò sì máa bẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé a dúró síbẹ̀.

Ṣé kò wá sọ ìṣẹ́ di ohun ẹwà báyìí?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, ó sì tọ́ kí a bi í. Ìmọ́lẹ̀ náà dára. Aṣọ búlúù àti pupa yẹn dára. Ẹni tó fi kọ́ ògiri yàrá ìjẹun lè máa jẹun lábẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún láì ronú ebi rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá ibi tí Millet fi ẹwà náà sí. Kò fi í sórí ìṣẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ wọn wà nínú bàtà líle, aṣọ wọn gbó, kùkùté àlìkámà tí wọ́n ń fọwọ́ là kọjá gún ni. Ara tó ń ṣiṣẹ́ ló fún lẹ́wà, àti oòrùn, tí kì í ṣe ti onílẹ̀.

Bó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdìpọ̀ kékeré ni, èyí tí ọwọ́ kan lè dì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè wo kẹ̀kẹ́ ẹrù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, àti ọkùnrin orí ẹṣin tó ń ṣọ́ ọ.